Kì í Ṣe Afẹ́fẹ́ Ló Ń Gbé E

Kí Màmá Keturah tó pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, yóò kọ́kọ́ fi itọ́ ra ìka rẹ̀ kan, yóò sì nà án sókè bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Ibi tí ìka náà bá ti tutù, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọ̀nà Èrúwà bọ̀, yóò ní ó yá, nẹ́tíwọ̀kì dé. Bí ó bá ń ti ọ̀nà oko bọ̀, yóò fi fóònù sílẹ̀, yóò padà sídìí agbada gàrí rẹ̀.

Ẹ má ì tíì rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí obìnrin yìí ti ń yan gàrí ní Abúlé Ẹ̀yìn-Àpáta, láàárín Èrúwà àti Lanlate, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀gẹ́ burúkú tàn án jẹ. Rédíò ló kọ́ ọ ní ohun tó mọ̀ nípa nẹ́tíwọ̀kì. Láràárọ̀ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa ń kígbe pé, "A ti wà lórí afẹ́fẹ́ báyìí o!" Ta ni yóò máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ tí kò ní gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn èèyàn kiri?

Nígbà tí àwọn obìnrin mẹ́fà tó jọ ń yan gàrí lábúlé náà dáwó ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan fún òwò wọn, Màmá Keturah ni wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Ó ronú, ó wá agolo mílíìkì ńlá kan, ó fi ìṣó dá ihò wínníwínní sí i lára kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ó ki fóònù bọ inú rẹ̀, ó fi ìdérí rẹ̀ dé e pinpin nítorí òjò, ó sì fi okùn fà á lọ sórí igi máńgòrò tó ga jù lọ lábúlé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, gbogbo wọn ni yóò gbọ́.

Fóònù náà kì í sábà dún. Lálẹ́, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, yóò gbé e wọlé lọ gba iná sólà, ṣùgbọ́n nínú ilé, lábẹ́ àpáta ńlá tó dúró ti abúlé náà, kò sí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, agolo ti tún wà lórí igi.

Oníbàárà wọn tó tóbi jù ni Màmá Peculiar, tó ń kó gàrí lọ sí Ìbàdàn. Gàrí tí obìnrin yìí ń rà ló ń rán ọmọ wọn níléèwé, òun ló ń ra oògùn fún àwọn àgbà ilé. Lọ́jọ́ kan, ó wá fúnra rẹ̀, inú ń bí i.

"Màmá Keturah, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi pè yín! Obìnrin inú fóònù ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ṣáá, ẹni tó ń sọ pé ẹ ò sí ní àrọ́wọ́tó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Afẹ́fẹ́ ni ò fẹ́ síbí."

"Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Ẹ gbọ́, gàrí yín dáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ mi ò lè máa ti Ìbàdàn wá wojú yín kí n tó mọ̀ bóyá gàrí wà. Tí mo bá tún pè yín tí mi ò bá yín, ibòmíì ni mà á gbà lọ o."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Keturah wọnú egungun. Àfi bí ẹni pé wọ́n rán Gbénró, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ kiri, sí wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Gbénró gun ọ̀kadà wọ abúlé, ó gbé àpótí dúdú kan tó ní ìwo irin méjì kalẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀rọ afanẹ́tíwọ̀kì rèé. Afẹ́fẹ́ nẹ́tíwọ̀kì pọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ọ̀nà abúlé yín ni ò mọ̀. Ẹ̀rọ yìí láá máa fà á wá."

"Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn!" ni Màmá Keturah kígbe. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹni tó jọ òun lóye.

Wọ́n fẹnu kò pé kó padà wá ní Ọjọ́rú. Owó tí wọ́n ti tù jọ láti fi ra ẹ̀rọ tuntun tí wọn yóò máa fi fún omi ẹ̀gẹ́, òun ni wọn yóò kó fún un.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú náà, kí Gbénró tó dé, àlejò mìíràn ya wọ abúlé. Rùkáyyàh ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Jàmílàt, ará Igbó-Ọrà. Ìyá Jàmílàt yìí ni ìkejì Màmá Keturah nídìí agbada. Rùkáyyàh wọ bàtà tó nípọn, ó fi híjáàbù borí, ó sì so akoto mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gun òpó nẹ́tíwọ̀kì, kó máa tún ohun tó bá bàjẹ́ lókè ibẹ̀ ṣe.

"Ẹni tó ń gun òpó tí mo sọ fún yín nìyí o," ni Ìyá Jàmílàt wí. "Mo ní kó jáwọ́, kò gbọ́. Rùkáyyàh, ṣé gàrí lo wá rà ni?"

"Gàrí ni, Àǹtí. Mo sì wá kí yín." Ojú Rùkáyyàh ti lọ sórí igi. "Mà, kí lagolo yẹn ń ṣe lókè?"

"Fóònù wa ló wà nínú ẹ̀," ni Màmá Keturah fèsì, ó gbé àyà sókè díẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é. Mo dá ihò sí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé."

Ká ní èmi ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín títí n ó fi ṣubú. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e sókè, mà. Òkè dáa. Agolo yẹn ni ò dáa. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Ó yọ fóònù tirẹ̀, tó ní ìlà nẹ́tíwọ̀kì kan péré lójú, ó pe nọ́ńbà wọn, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́. Obìnrin inú fóònù dáhùn pé nọ́ńbà tí ẹ pè kò sí ní àrọ́wọ́tó.

"Ṣùgbọ́n a dúró níbí! Ó wà lórí wa!" ni Màmá Keturah ké.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, mà. Ẹ bá mi wá agbọ̀n."

Wọ́n yọ fóònù kúrò nínú agolo, wọ́n fi sínú agbọ̀n kékeré tí wọ́n fi ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ hun, wọ́n fi okùn kan náà fà á padà sórí ẹ̀ka kan náà. Wọ́n dúró. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Kí Rùkáyyàh tó tún pe nọ́ńbà rárá, ohun kan ti ń dún lókè pé gbìn, gbìn, gbìn.

"Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ló wọlé," ni Rùkáyyàh wí. Wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀. Màmá Peculiar ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá Keturah rọra ń kà wọ́n síta.

Àkọ́kọ́, tó ti pé ọjọ́ márùn-ún, sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ogún àpò gàrí." Ìkejì sọ pé, "Ṣé ẹ rí iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́?" Àná ló kọ ìkẹta. "Ọ̀túnla, Ọjọ́bọ̀, ni mọ́tò mi ń bọ̀. Tí mi ò bá gbóhùn yín títí di agogo méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Lanlate ló máa yà sí."

"Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀la!" ni Ìyá Jàmílàt pariwo. "Subhanallahi!"

Màmá Keturah kò tíì lè ronú nípa ọ̀la. Fóònù náà ló ń wò bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. "Ọmọ mi, ọjọ́ márùn-ún! Mi ò sọ ọ́ kalẹ̀ pè láti ọjọ́ márùn-ún, torí afẹ́fẹ́ ò ti Èrúwà wá. Ibo lọ̀rọ̀ yìí wà látìgbà yẹn?"

"Ẹ̀rọ kan wà nílé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tó gbà á pamọ́. Ó ń wá yín kiri. Ìgbà tó rí fóònù yín báyìí ló jíṣẹ́. Kì í dúró títí láé o, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan."

"Ó ń wá mi kiri," ni Màmá Keturah tún wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó ti ní sùúrù bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Rùkáyyàh bu omi sínú abọ́, ó já ewé wẹ́wẹ́ kan lé e lórí. Ó ju òkúta kékeré sí àárín omi náà. Omi ru, òbìrìkìtì ń tẹ̀ lé òbìrìkìtì títí wọ́n fi dé etí abọ́.

"Ẹ wo ewé yẹn, mà. Ṣé ó bá wọn rìn dé etí abọ́?"

Ewé náà kàn ń fò sókè fò sódò lójú kan.

"Ohun tó rìn kì í ṣe omi. Ìgbì ló rìn. Irú ìgbì kan ló ń jáde lára fóònù, ojú wa ni ò lè rí i. Afẹ́fẹ́ ò gbé e. Bí afẹ́fẹ́ fẹ́, bí kò fẹ́, ó ń lọ. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan yí gbogbo ayé po, kí ẹ tó rọra pe 'ení' tán, ìgbì yìí ti yí i po ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ."

 Ìyá Jàmílàt pe ení sábẹ́ ètè rẹ̀ láti mọ bó ṣe gùn tó.

"Àmọ́ irin máa ń dí i lọ́nà. Ihò tí ẹ fi ìṣó dá, afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbì ò lè gba ibẹ̀, torí ó tóbi ju ihò náà lọ. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti lágbára, ó ṣì lè rá pálá wọlé. Níbí tó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé, agolo yẹn dà bí ilẹ̀kùn tí ẹ tì mọ́ ọn."

Ojú ti Màmá Keturah díẹ̀, àmọ́ ìyàlẹ́nu pọ̀ ju ìtìjú lọ. Ó tẹ nọ́ńbà Màmá Peculiar kíákíá. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó já. Ó tún un tẹ̀, ó tún já.

"Àpáta yìí ni," ni Rùkáyyàh wí. "Ó dúró láàárín ẹ̀yin àti òpó. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí a ti lè rí òpó yẹn."

Wọ́n tọ ọ̀nà oko jáde, wọ́n dé oríta ibi tí ọ̀nà abúlé ti pàdé títì, níbi tí àpáta ti là sí méjì. Láàárín rẹ̀, lókèèrè, òpó nẹ́tíwọ̀kì dúró tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa, ó funfun. Màmá Keturah ti kọjá níbẹ̀ ní àìmọye ìgbà, kò tẹjú mọ́ ọn rí. Ó wo fóònù. Ìlà nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú.

"Níbi tí ojú yín bá ti rí òpó, fóònù náà máa ń rí i," ni Rùkáyyàh wí.

Wọ́n tún pe Màmá Peculiar, obìnrin inú fóònù ní ó ti pa fóònù rẹ̀. Rùkáyyàh ní kí wọ́n má bẹ̀rù, kí àwọn náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Màmá Keturah fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé, "Ogún àpò gàrí wà nílẹ̀. A ò ní gbé fóònù kúrò níbi tó ti ń dún lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá." Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí ọ̀wọ̀n símẹ́ǹtì kúkúrú kan létí títì, ibi tó máa ń so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ bí oko bá jìnnà.

"Láti orí òpó, ṣé ìgbì náà ló wá ń fò lọ sí Ìbàdàn?" ni ó béèrè.

Rùkáyyàh rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mà, ẹ jókòó lé ìdáhùn."

Màmá Keturah dìde fìrì.

"Ọ̀wọ̀n yẹn ń sọ fún èèyàn pé wáyà kan wà nísàlẹ̀ níbí. Kì í ṣe irin ni wọ́n fi ṣe é, dígí ni. Dígí tí wọ́n fà títí ó fi tín-ín-rín bí irun orí. Bí ohùn yín bá dé orí òpó, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á máa ṣẹ́jú pìrì pìrì nínú dígí yẹn lábẹ́ ilẹ̀, títí á fi dé Ìbàdàn. Níbẹ̀, wọ́n á tún sọ ọ́ di ìgbì, òpó ibẹ̀ á fi ránṣẹ́ sí fóònù Màmá Peculiar, fóònù á sì sọ ọ́ padà di ohùn."

Màmá Keturah wo ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń ru gàrí kọjá lórí ilẹ̀ yìí. Omijé rọra dé ojú rẹ̀, kò sì mọ ìdí tó fi dé. "Ohùn mi di ìmọ́lẹ̀," ni ó wí. "Ohùn èmi Ọmọ́ṣọlá, tí èéfín agbada ti há."

Ìyá Jàmílàt fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un. 

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọ̀kadà Gbénró fi yọ, àpótí dúdú rẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ tilẹ̀ wá pàdé mi lọ́nà! Owó ńkọ́?"

"Gbénró, ẹ kú ọ̀nà," ni Màmá Keturah wí. "Ẹ sọ fún mi ná, kí lẹ̀rọ yín ń fà?"

"Afẹ́fẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ni, mà."

"Afẹ́fẹ́ àbí ìgbì?"

 Gbénró wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé wọ́n yàtọ̀ ni?"

Rùkáyyàh yí àpótí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀, kò sí àmì àṣẹ kankan. "Ìjọba ní àjọ tó ń yẹ irú nǹkan báyìí wò kí wọ́n tó tà á. Èyí tí kò gba àṣẹ lè máa pariwo lórí ìgbì títí fóònù gbogbo àdúgbò ò fi ní gbọ́ra mọ́. Mo ti gun òpó rí tìtorí irú ẹ̀, mo wá àléébù títí, mi ò rí. Àṣé irú àpótí yìí ni ẹnì kan tàn sílé."

"Wọ́n tà á fún mi ni, èmi náà ò mọ̀," ni Gbénró ń kùn. Ó yí ọ̀kadà padà, ó lọ. Owó ẹ̀rọ ìfúngàrí wọn wà lápò wọn.

Rùkáyyàh kò tíì jẹ́ kí wọ́n lọ. "Ẹ ò lè hú ẹ̀gẹ́ láìmọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa rin ín àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa yan án, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe ètò fóònù yìí. Ta ló máa dúró tì í? Níbo? Láago mélòó?"

Orí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n wà títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n pinnu pé àwọn yóò pa àtíbàbà kékeré kan sí oríta náà, kí wọ́n máa ta gàrí níbẹ̀, kí fóònù sì máa wà nínú agbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Màmá Keturah ni yóò jókòó ní ọjọ́ kan, Ìyá Jàmílàt ní ọjọ́ kejì. Wọn yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún gbogbo oníbàárà pé láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí agogo kan ọ̀sán, ẹni tó bá pè yóò bá wọn. Wọn yóò kọ nọ́ńbà sára àpò gàrí kọ̀ọ̀kan. Ìyá Jàmílàt ló tún dá a lábàá pé kí wọ́n ní síìmù nẹ́tíwọ̀kì mìíràn, kí ọ̀kan má baà kú kí òwò kú tẹ̀ lé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Keturah ti wà ní oríta kí agogo méje tó lù. Agogo mẹ́wàá lù, fóònù kò dún. Mọ́kànlá lù. Oòrùn mú, eruku sùn sílẹ̀, ewé kan kò mì lórí igi.  Láìmọ̀, ó fi itọ́ ra ìka rẹ̀, ó nà án sókè. Kò sí apá ibi tí ó ti tutù. Afẹ́fẹ́ ti tán láyé.

Ìka náà ṣì wà lókè nígbà tí fóònù dún nínú agbọ̀n.

"Ẹ̀ẹ̀-ẹ́n! Màmá Keturah! Ẹ̀yin rèé?" ni Màmá Peculiar kígbe.

"Èmi nìyí o! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín bí ẹni pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni. Ẹ di ogún àpò yẹn o, mọ́tò ti gbéra. Kí lẹ ṣe sí fóònù yín?"

Màmá Keturah rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ẹ máa bọ̀, mà. Ó lọ́rọ̀ nínú."

Ẹ̀yin ará wa ní Ìbàràpá, ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbàdo àti iṣu, fóònù yín jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ bíi ti agbada àti àdá. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé e sínú agolo tàbí àpótí irin kí ẹ tún máa retí ìpè. Ẹ wá ibi tí ojú ti rí òpó, kí ẹ sì fi ibẹ̀ ṣe ibùdó òwò yín. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ wákàtí tí yóò bá yín, bí ìpè kò bá sì wọlé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má ra ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi àmì àṣẹ hàn yín. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ̀n símẹ́ǹtì kúkúrú létí títì, ẹ má walẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè, kódà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí.

Agolo ọjọ́sí ti di òṣùwọ̀n gàrí lábẹ́ àtíbàbà. Màmá Keturah ti dí ihò ara rẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ sì ti ní èèkàn mìíràn, nítorí ó ní ojú ń ti òun láti so ẹran mọ́ ibi tí ohùn àwọn èèyàn ti ń tàn kọjá.